Ẹjọ́ Kòkòrò ní Ìlú Ìráhùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ẹni tí ó ń jẹ iṣu sísun kó máa jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún kó gbé e pọ̀n, nítorí ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lábọ̀. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé ẹfọ̀n dé etí odò, tí ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ dúró, tó bi mí pé ẹsẹ̀ kejì ńkọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbójú tó yìí, ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọdẹ, Ọdẹ́jìnmí ọmọ Àrẹ̀mú, gbójú jù mí lọ, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí ni mo fẹ́ ròyìn. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ọdẹ́jìnmí kì í ṣe ọdẹ ẹran ńlá nìkan. Ó mọ kòkòrò. Bí ó bá rí ìyẹ́ kan tó já bọ́ sí ojú ọ̀nà, yóò sọ kòkòrò tó ni ín fún ọ, yóò sọ igi tó ń jẹ, yóò sì sọ ẹyẹ tó pa á. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í rẹ́rìn-ín pé ọdẹ eṣinṣin ni. Òun náà a máa dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò mọ kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé òun mọ ẹ̀fọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, oyin kọ ìlú ọ̀gá mi, Òkè-Ìjẹ̀bú-Igi, sílẹ̀. Ẹ̀bi ará ìlú ni. Àwọn géńdé tí ń fa oyin ti fi ògùṣọ̀ jó ilé oyin méje láàárín oṣù kan, afárá jóná, ọmọ inú afárá jóná. Oyin tó ṣẹ́kù ṣùjọ lọ́sàn-án gangan, wọ́n ga sókè bí èéfín, wọ́n lọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀gúsí a tanná, kò ní so. Elégédé a tanná, òdòdó rẹ̀ a rọ dànù. Nígbà tí ó di ọdún kejì, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀ tí a lè fi wo ojú ara ẹni. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Ọdẹ́jìnmí.

Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́jìnmí, àwa la lé wọn, a mọ̀. Ìwọ lo mọ ìwà wọn. Bá wa wá wọn lọ."

Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n ńlá kan tó ní ìdérí, ó gbé e rù, ó wọ igbó. Ẹ má bi mí pé ìrìn ọjọ́ mélòó ni. Ìrìn ọdẹ, ẹsẹ̀ ní í mọ̀ ọ́n.

Odò Ìjàlọ ló kọ́kọ́ kàn. Odò yìí kò ní ẹ̀kán omi kan nínú. Ìjàlọ ló ń ṣàn níbẹ̀, dúdú, ó ń dán, ó ń ru gùdù, ó ń gbé egungun àgbọ̀nrín lọ bí odò tòótọ́ ti ń gbé igi. Ọdẹ́jìnmí dúró létí bèbè, ó kí wọn. Ìjàlọ kan tó tóbi bí ológbò yọ orí, ó bi í pé kí ló gbé wá. Ó ní ẹran gbígbẹ ni. Ìjàlọ ní kó fi sílẹ̀. Ó ju gbogbo rẹ̀ sí wọn. Odò náà là sí méjì fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi sé èémí, ọ̀gá mi sì sáré kọjá. Ó ní gìgísẹ̀ òun nìkan ni wọ́n rí jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, egungun yín ni à bá máa fi ṣe ìtọ́ka ọ̀nà.

Bí ó ti gun òdìkejì, ó bá àwọn bàbá mẹ́ta tí wọ́n jókòó lórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà. Irùngbọ̀n wọn ti wọ ilẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò. Wọ́n fi òwú di etí, síbẹ̀ wọ́n ń mi orí bí ẹni pé ẹnì kan ń pariwo sí wọn. Èyí àgbà láàárín wọn wo agbọ̀n orí rẹ̀, ó ní, "Ọdẹ, kí ni a pín fún ẹni mẹ́ta, tí ẹni mẹ́rin sì bínú?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ẹran ni."

"Kì í ṣe ẹran."

"Ogún bàbá wọn ni."

"Kì í ṣe ogún. Ìdájọ́ ni. Ẹni kẹrin ni ẹni tó dá a." Bàbá náà tún òwú etí rẹ̀ tẹ̀ wọlé. "Àwa mẹ́ta yìí ti ṣe adájọ́ rí ní ìlú tó wà níwájú rẹ yẹn. Ìgbà tí irùngbọ̀n wa wọ ilẹ̀ ni wọ́n tó gbà kí á jáde, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n ń pè kò tíì tán létí wa. Bí wọ́n bá ní kí o wá wo nǹkan, sọ pé ojú ń dùn ọ́."

Ọdẹ́jìnmí dúpẹ́, ó kọjá. Ṣé ẹ mọ ohun tí ń ṣe ọdẹ? Bí a bá ní kó má gba ọ̀nà kan, ọ̀nà náà gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa yún ún láti gbà.

Ìlú Ìráhùn ni ìlú náà ń jẹ́. Iwin ni àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì dára lójú, àfi nǹkan kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ráhùn, ọrùn rẹ̀ a gùn sí i. Bí ó bá sọ pé "ó tẹ́ mi lọ́rùn," ọrùn náà a sún kì. Nítorí èyí, ilé wọn kò ní òrùlé tó rẹlẹ̀, àwọn ìjòyè wọn a sì máa bá ẹyẹ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Olórí wọn nìkan ni ọrùn rẹ̀ kúrú, arúgbó obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Yèyé Ìwọ̀n, tí ojú méjì wà níwájú orí rẹ̀, tí ọ̀kan sì wà ní ìpàkọ́.

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀, ó rojọ́ oyin fún un.

Yèyé Ìwọ̀n ní, "Oyin yín gba ibí kọjá. Ẹni tó mọ ibi tí wọ́n wọ̀ wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni ọjọ́ àtẹ. Lọ́dọọdún, àdúgbò wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń yan ọmọ kọ̀ọ̀kan tí yóò kó kòkòrò jọ, tí yóò fi ẹ̀gún ọsàn kàn wọ́n mọ́ àtẹ, kí á lè mọ ọmọ tó mọ igbó wa jù. Àwa fúnra wa kò lè dá a, nítorí ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àlejò ní í dá a. Ìwọ ni àlejò."

Ọdẹ́jìnmí rántí àwọn onírùngbọ̀n. Ó fẹ́ sọ pé ojú ń dùn òun. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ìgbéraga ti ọdẹ ni. Ní gbogbo ayé rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní ọdẹ eṣinṣin, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tó mọ̀. Ó ní òun gbà. Ìgbà tó gbà tán ni Yèyé Ìwọ̀n sọ èyí tó kù fún un, pé adájọ́ kì í jáde ní ìlú Ìráhùn títí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pàtẹ yóò fi sọ pé "mo gbà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tẹ́ àtẹ mẹ́ta sí gbàgede. Èkínní jẹ́ ti Ọlápéjú, ọmọbìnrin Olóyè Làbọ́sìndé, tó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Àtẹ yìí dán débi pé àwọn èrò fi ọwọ́ ṣíji bojú. Labalábá tí apá rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò wà níbẹ̀, yímíyímí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn bí wúrà, àti lámilámi tó ń yí àwọ̀ padà bí ènìyàn bá mí sí i. Ọdẹ́jìnmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí a kọ síbẹ̀.

Ó bi ọmọ náà pé, "Níbo lo ti rí yímíyímí yìí?"

Olóyè Làbọ́sìndé ló dáhùn. "Nínú igbó ni."

"Igbó wo?"

"Igbó tí kòkòrò ń gbé."

Àtẹ kejì jẹ́ ti Dúrójayé, ọmọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan. Kòkòrò kan ṣoṣo ló wà lórí tirẹ̀: orí tata, ìyẹ́ labalábá, ìdí tanátaná. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ni irú rẹ̀ máa ń yọ. Ọdẹ́jìnmí gbé e sínú oòrùn. Kò pẹ́ tí oje igi tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀ fi yọ́, orí yà lọ́tọ̀, ìyẹ́ yà lọ́tọ̀, ìdí já bọ́. Dúrójayé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti Àyọ̀ká, ọmọ amọ̀kòkò kan láti ìsàlẹ̀ ìlú. Tirẹ̀ kò dán rárá. Àwọn kòkòrò tí gbogbo ènìyàn ń rí lójoojúmọ́ ló pọ̀ níbẹ̀: aáyán, ìrè, agbọ́n, ikán, oyin kan. Ṣùgbọ́n ó tò wọ́n ní ìdílé ìdílé, abala ẹlẹ́yìn líle lọ́tọ̀, abala oníyẹ̀ẹ́ mẹ́rin lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ gbogbo wọn sì pé mẹ́fà mẹ́fà. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni páálí pélébé kan wà tí ó kọ nǹkan sí. Ọdẹ́jìnmí kàwé dé ìwé kejì, nítorí náà ó kà wọ́n. Nígbà tí ó kan oyin, ó gbé páálí náà sún mọ́ ojú. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: "Oyin. Mo mú un lórí òdòdó ọsàn lẹ́yìn Àpáta Olórí-méjì, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Àlejò ni wọ́n. Inú ihò tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń gbé. Èmi Àyọ̀ká ni mo mú un."

Ó ti mọ ibi tí oyin wà nìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an.

Ó dìde, ó ní Àyọ̀ká ló gbégbá orókè, Ọlápéjú ṣe ìkejì, Dúrójayé ṣe ìkẹta. Dúrójayé ní, "Mo gbà. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá oje náà yóò mú." Àyọ̀ká ní òun gbà. Ó ku Ọlápéjú. Ọmọ náà la ẹnu, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ lé e léjìká, ọmọ náà sì pa á dé.

Làbọ́sìndé ní, "Ọmọ mi kò gbà. Àtẹ ti amọ̀kòkò ló sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ jù." Ọrùn rẹ̀ gùn ní ìka mẹ́ta.

Wọ́n pààrọ̀ ipò àwọn àtẹ. Ọdẹ́jìnmí tún un dá, ó bọ́ sí ibi tó ti bọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Làbọ́sìndé ní adájọ́ sín nígbà tó ń wo ti ọmọ òun. Wọ́n tún un dá. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní adájọ́ kò tíì jẹun. Wọ́n bọ́ ọ yó, wọ́n tún un dá. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní adájọ́ ti yó jù. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní kí á wọn àwọn àtẹ lórí òṣùwọ̀n, kí èyí tó wúwo jù gbégbá orókè. Báyìí ni ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kọkànlá, ọrùn Làbọ́sìndé ti ga ju igi àgbọn lọ, ẹnì kan sì ní láti máa gun àkàsọ̀ lọ fún un lóúnjẹ. Láti òkè lọ́hùn-ún ni ẹjọ́ rẹ̀ ti ń já bọ́ sí Ọdẹ́jìnmí lórí bí èso agbálùmọ̀.

Ọ̀gá mi sọ fún mi pé òun ti bá ẹkùn jà, òun ti sùn nínú ihò erè, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ohun tó dá òun lágara tó ọjọ́ mọ́kànlá yẹn. Ó gbé agbọ̀n rù, ó gba ọ̀nà ìta. Ọ̀nà náà ká bí ẹní, ó dá a padà sí gbàgede. Ó gba ọ̀nà mìíràn, ó tún rí ara rẹ̀ ní gbàgede. Láti ibi tó jókòó sí, ó ń wo Àpáta Olórí-méjì kedere, kò ju ìwọ̀n ìrìn tí ènìyàn fi ń jẹ àgbàdo kan tán lọ, ó sì mọ̀ pé àkókò tí ẹ̀gúsí ń tanná nílé ti ń lọ. Ó bọ́ fìlà ọdẹ rẹ̀, ó fi eyín fa etí fìlà náà ya.

Ibẹ̀ ni Àyọ̀ká ti wá bá a. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ sọ pé Ọlápéjú ló gbégbá orókè. Èmi yóò gbà. Dúrójayé náà yóò gbà. Ẹ ó sì lè máa lọ lónìí."

Ọdẹ́jìnmí wò ó. "Kò dùn ọ́?"

"Ó dùn mí. Ọdún méjì ni mo fi kó wọn jọ. Ṣùgbọ́n ẹ ní àwọn ọmọ yín kò rí ọbẹ̀ gidi jẹ."

Ẹ̀yin ará, n kò ní purọ́ fún yín. Ọ̀gá mi fẹ́ gbà. Ó ti dìde, ó ti gbọn yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ nù, ó ti ń lọ bá Yèyé Ìwọ̀n. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kọjá lẹ́bàá àtẹ ọmọ náà, ojú rẹ̀ tún bọ́ sórí páálí oyin yẹn, ó sì dúró. Ó rò ó pé bí àtẹ tí kò ní ọ̀rọ̀ bá gbégbá orókè lọ́dún yìí, ta ni yóò tún kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ kòkòrò lọ́dún tó ń bọ̀? Ọdẹ mìíràn yóò wá, ebi yóò máa pa ìlú tirẹ̀ náà, yóò wo yímíyímí oníwúrà títí, kò sì ní sọ nǹkan kan fún un. Inú bí i sí ọmọ náà pé ó dán òun wò, inú bí i sí ara rẹ̀ pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ó ní kí Àyọ̀ká máa lọ sílé ìyá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, ó lọ bá Ọlápéjú fúnra rẹ̀. Ọrùn bàbá rẹ̀ ti ga débi pé kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílẹ̀ mọ́. Ọmọ náà jókòó ti àtẹ rẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ nu eruku kúrò lára rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ẹjọ́ ni mo bá wá. Níbo ni yímíyímí yìí ti wá?"

Ọmọ náà gbé ìyẹ́ adìyẹ sílẹ̀, ó ní, "N kò mọ̀, bàbá. Àwọn ìránṣẹ́ bàbá mi ló kó wọn wá. Èmi kò mú kòkòrò rí. Wọn kì í jẹ́ kí n wọ igbó."

"Ṣé o fẹ́ mú ọ̀kan?"

Ó wo òkè, níbi tí orí bàbá rẹ̀ wà láàárín àwọsánmà. Ó ní, "Mo fẹ́."

Wọ́n lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ọdẹ́jìnmí fi ihò ìrè hàn án, ó fi bí wọ́n ṣe ń mọ ihò tí ìrè wà nínú rẹ̀ hàn án, nípa yẹ̀pẹ̀ tútù tó dí ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọkọ́ kékeré lé e lọ́wọ́, ó jókòó. Ọmọ náà walẹ̀. Ihò àkọ́kọ́ ṣófo. Ìkejì yà gba abẹ́ òkúta lọ. Ní ìkẹta, ìrè fò jáde lójú rẹ̀, ó lọ, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Ọdẹ́jìnmí kò ràn án lọ́wọ́. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí ó di ọ̀kan mú nínú ihò kẹsàn-án, ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, èékánná rẹ̀ méjì ti ya. Ó fún ìrè náà jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan já.

Ó jókòó sórí yẹ̀pẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọdẹ, mélòó ló wà lórí àtẹ Àyọ̀ká?"

"Méjìlélógójì."

Ó dìde, ó rìn lọ sí gbàgede pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó dúró níwájú Yèyé Ìwọ̀n, ó ní, "Mo gbà."

Ohùn bàbá rẹ̀ sán láti òkè pé kò gbà, pé ọmọ òun kò mọ ohun tó ń sọ. Yèyé Ìwọ̀n kò gbójú sókè. Ó ní, "Làbọ́sìndé, òfin ní ọmọ tó pàtẹ. Ìwọ kò pàtẹ." Ọ̀nà sì là.

Ọdẹ́jìnmí kò dúró gba ìyìn, kò dúró jẹun ìdágbére. Ó ti ń jáde ní ẹnubodè nígbà tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ọlápéjú ni, ó ń sáré, ó gbé àtẹ tuntun kan dání. Ìrè yẹn nìkan ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú páálí kan lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi dá èyí."

Ọ̀gá mi sọ pé ara òun bù máṣọ. Ó ti búra nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò ní fi ojú adájọ́ wo ohunkóhun mọ́ títí òun yóò fi kú. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Ẹsẹ̀ kan ti já. Ẹ̀gún yìí kò wọlé tààrà. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti mú un wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ wà níbẹ̀. Máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá."

Ọmọ náà ní, "Mẹ́fà," bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Inú rẹ̀ dùn ju ti ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ wúrà rẹ̀ sí gbàgede lọ. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó padà sílé.

Lẹ́yìn Àpáta Olórí-méjì, Ọdẹ́jìnmí bá oyin ní ibi tí Àyọ̀ká wí gẹ́lẹ́. Kò tan iná. Ó jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n ta á, ó tún bẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá oyin wọ inú agbọ̀n, àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ó dé ilé, ó wú lójú bí ẹni tí wọ́n fi ẹwìrì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Gbogbo ìlú jáde. Kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ti ń jà. Àwọn ará òkè ní oko àwọn ló yẹ kí oyin kọ́kọ́ dé. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní elégédé àwọn ló ti tanná jù. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bá wa dá a."

Ọdẹ́jìnmí wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀ sí àárín wọn, ó ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó sì rìn lọ sílé, ó lọ sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń sá kiri, tí oyin sì ń lọ sí ibi tí òdòdó wà.

Bí ọ̀gá mi ti sọ ọ́ fún mi ni mo ti sọ ọ́ fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ó yẹ kó parí lọ́nà mìíràn, kó má wá bá mi rojọ́. N kò dá ẹjọ́.